Oyè Dókítà orí íntánẹ́ẹ̀tì: Bí Kumasi ṣe ń bá ìbéèrè 'ta ló fọwọ́ sí i?' yí láti 1952

Ẹni tó bá jẹ́ ọ̀gá ní báńkì kan ní Adum, tàbí tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Suame Magazine, ní ìlú Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, kò nílò láti máa wá yunifásítì kiri mọ́. Yunifásítì ló ń wá a bọ̀. Kó ṣáà ti ṣí Facebook rẹ̀, ìpolówó á jáde: di Dókítà nínú ìmọ̀ okòwò láàrin ọdún mẹ́ta, má fi iṣẹ́ sílẹ̀, má kúrò nílé, san owó rẹ díẹ̀díẹ̀.

Oyè tí wọ́n ń polówó yìí ni Doctor of Business Administration, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí DBA. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Dọ́là tàbí pọ́n-ùn ni wọ́n sì máa ń fi gbà á, lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ pé Cedi ló ń gbà ní ìparí oṣù.

Tí onítọ̀hún bá ṣe tán, tó gbé ìwé ẹ̀rí náà lọ síwájú àwọn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, tàbí síwájú ìgbìmọ̀ tó fẹ́ gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ìbéèrè kan ló máa ṣáájú gbogbo ìbéèrè: ta ló fọwọ́ sí i?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló bí ìbéèrè yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún tí wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ gíga àkọ́kọ́ ní Kumasi ni ìbéèrè náà ti wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ okòwò sì wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kíláàsì wà ní Kumasi, ọwọ́ tó ń buwọ́ lùwé wà ní London

Ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá, ọdún 1951 ni ìjọba Gold Coast, orúkọ tí Ghana ń jẹ́ nígbà náà, fi òfin dá Kumasi College of Technology sílẹ̀. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kínní, ọdún 1952 ló ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún 200 akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, tí wọ́n kó wá láti Achimota. Lọ́dún 1952 yẹn kan náà ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ẹ̀ka ìmọ̀ okòwò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́jì náà kò lágbára láti fún ẹnikẹ́ni ní oyè dìgírì. Láti 1952 sí 1955, ìdánwò àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ń kàwé fún. Nígbà tó di 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í múra wọn sílẹ̀ fún dìgírì Yunifásítì London, irú èyí tí wọ́n ń fún àwọn tí kò sí nínú ọgbà yunifásítì náà.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Kumasi ni olùkọ́ ti ń kọ́ wọn, Kumasi ni wọ́n ti ń jókòó ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n orúkọ London ló wà lórí ìwé tí wọ́n máa gbé kọ́ ara ògiri.

Kò sí ẹni tó pe ìwé yẹn ní ayédèrú. Ọdún 1858 ni London ti ṣí irú ìdánwò yìí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá kúnjú òṣùwọ̀n, ibi yòówù tí ì báà máa gbé. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé àti olùkọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló tipasẹ̀ rẹ̀ di ẹni tó ní dìgírì láì wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ mọ́ ọmọ Yorùbá létí jù nínú wọn ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ó ti ṣe akọ̀wé, ó ti ṣe akọ̀ròyìn, ó ti ra kòkó tà, ó sì ti fi ọkọ̀ ṣòwò kí ó tó gba oyè Bachelor of Commerce ti Yunifásítì London lọ́dún 1944. Ilé ló ti ń ka ìwé náà lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ̀yìn èyí ló tó lọ sí London láti lọ kọ́ ìmọ̀ òfin.

Bí ẹ bá wò ó dáadáa, dìgírì ìmọ̀ okòwò láti ọ̀nà jíjìn ni Awólọ́wọ̀ gbà. Ohun tí wọ́n ń polówó lórí fóònù lónìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Kí ló wá fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò bi Awólọ́wọ̀ léèrè kíláàsì tó jókòó sí?

Ìdí ni pé kò sẹ́ni tó ka ibi tó jókòó sí sí nǹkan. Ẹni tó dán an wò ni wọ́n ń wò. Ìbéèrè ìdánwò kò bá ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé yí padà, àwọn tó ń máàkì ìwé rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rí, wọn kò sì ní èrè kankan nínú kí ó yege tàbí kó fìdí rẹmi. Ẹni tó bá ń ka ìpolówó DBA lónìí yóò ṣe dáadáa tó bá fi èyí sọ́kàn.

Ransome-Kuti àti ìjà lórí yunifásítì

Gbogbo ènìyàn kọ́ ló fẹ́ràn pé London ló ń fọwọ́ sí i. Fourah Bay ní Sierra Leone ti wà lábẹ́ Yunifásítì Durham láti 1876, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ń béèrè fún yunifásítì tirẹ̀. Lọ́dún 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Walter Elliot láti wo ọ̀rọ̀ náà. Lára àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó wà nínú rẹ̀ ni Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Grammar School Abẹ́òkúta, bàbá Fẹlá.

Ìgbìmọ̀ náà pín sí méjì. Àwọn tó pọ̀ jù sọ pé kí yunifásítì wà ní Nàìjíríà, kó wà ní Gold Coast, kí wọ́n sì mú Fourah Bay gbòòrò sí i. Àwọn tó kù ní Ìbàdàn nìkan ti tó. Àwọn ará Gold Coast yarí, wọ́n ní àwọn yóò fi owó kòkó àwọn ṣe é. Nígbà tó di 1948, kọ́lẹ́jì méjèèjì ló bẹ̀rẹ̀, ti Ìbàdàn àti ti Gold Coast. Síbẹ̀, ìwé ẹ̀rí London ni àwọn méjèèjì ń fún ọmọ wọn.

Ghana gba òmìnira lọ́dún 1957. Ní oṣù Kejìlá 1960, ìjọba Kwame Nkrumah yan ìgbìmọ̀ tí yóò wo bí ẹ̀kọ́ yunifásítì yóò ṣe rí. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹjọ, ọdún 1961, kọ́lẹ́jì Kumasi di yunifásítì tó dá dúró, orúkọ Nkrumah sì wà lára rẹ̀. Wọ́n yọ orúkọ náà lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 1966, ó sì di 1998 kí wọ́n tó dá a padà. Òun ni KNUST tí a mọ̀ lónìí. Láti 1961 ni ọwọ́ tó ń buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí ti kúrò ní London, ó ti wà ní Kumasi fúnra rẹ̀.

Ẹ̀ka okòwò nìkan ni kò sí níbẹ̀ mọ́ láti jẹ àǹfààní yẹn.

Ọjà ńlá láìsí ilé ẹ̀kọ́ okòwò

Kí ó tó di pé kọ́lẹ́jì náà di yunifásítì, ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba ti kó ẹ̀ka ìmọ̀ okòwò kúrò ní Kumasi lọ sí Achimota, nítòsí Accra. Òun ló di College of Administration, tí Yunifásítì Ghana ní Legon gbà mọ́ra lẹ́yìn náà. Ilé ẹ̀kọ́ okòwò Legon, tó gbajúmọ̀ dé Nàìjíríà lónìí, Kumasi ni wọ́n ti gbìn ín.

Ẹni tó bá mọ ọjà Kejetia yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pani lẹ́rìn-ín. Ìlú tó ní ọ̀kan lára àwọn ọjà tó tóbi jù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó ẹ̀kọ́ okòwò kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìmọ̀ oògùn àti ìmọ̀ ilé yíyà sílẹ̀ fún.

Àwọn Yorùbá pàápàá mọ ìlú yẹn dáadáa. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn ti ń tajà níbẹ̀ tipẹ́, wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní Ghana láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kẹ́rù wọn, Ghana ni wọ́n bí wọn sí. Ọjà wọn kò ní àbùkù, àwọn oníbàárà wọn mọ̀ wọ́n. Ìwé tí ẹni tó wà nípò lè tẹ́wọ́ gbà ni kò sí lọ́wọ́ wọn.

Ó di àwọn ọdún 2000 kí KNUST tó ní ilé ẹ̀kọ́ okòwò tirẹ̀. Ní àkókò kan náà ló dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn sílẹ̀, tó sì dara pọ̀ mọ́ ètò MBA àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth, èyí tí àjọ Commonwealth of Learning tó wà ní Canada ń ṣètò rẹ̀. Báyìí ni ẹ̀kọ́ okòwò ṣe padà sí Kumasi, tó sì jẹ́ pé díẹ̀ nínú rẹ̀ gba ọ̀nà jíjìn wọlé.

Nígbà tí Ghana gbé àjọ tirẹ̀ kalẹ̀

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, yunifásítì ìjọba mélòó kan péré ni Ghana ní, ìjọba sì mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, ó di dandan kí ẹnìkan máa wo ẹni tó ń wọlé. Lọ́dún 1993, òfin PNDC Law 317 dá National Accreditation Board sílẹ̀. Òfin mìíràn tún agbára rẹ̀ ṣe lọ́dún 2007. Nígbà tó di 2020, Òfin 1023 pa á pọ̀ mọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n sì di Ghana Tertiary Education Commission, ìyẹn GTEC.

Ohun méjì ni àjọ náà ń wò, àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe ohun kan náà. Èkíní ni ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀: ṣé ó ní àṣẹ láti wà? Èkejì ni ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tó ń kọ́ni: ṣé ó ní olùkọ́ tó tó fún DBA yìí, ṣé àwọn tó máa bójú tó iṣẹ́ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ wà, ṣé ibi ìkówèésí wà? Yunifásítì lè ní àṣẹ láti kọ́ni dé dìgírì àkọ́kọ́, kó má ní àṣẹ kankan láti fúnni ní oyè Dókítà.

Ìfọwọ́sí náà kì í sì í wà títí láé. Ó ní ọjọ́ tó ń parí. Ìròyìn olùṣàyẹ̀wò owó ìjọba Ghana fún ọdún 2021 dá ariwo sílẹ̀ nígbà tó sọ pé ẹ̀kọ́ 374 ní Yunifásítì Ghana nìkan ni kò ní ìfọwọ́sí tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ tó lórúkọ jù ní Ghana nìyẹn o. Ọ̀rọ̀ ìwé tí sáà rẹ̀ ti tán tí wọn kò tíì tún ṣe ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe ti jìbìtì. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ ọ lórí rédíò kò mọ èyí tí òun wà nínú rẹ̀.

Àwọn kọ́lẹ́jì aládàáni tuntun ní láti wà lábẹ́ yunifásítì tó ti dàgbà kí wọ́n tó lè dá dúró, ìwé ẹ̀rí yunifásítì náà ni ọmọ wọn sì máa ń gbà. Ní Kumasi, KNUST ni ilé ẹ̀kọ́ bíi Garden City University College sá sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ipò tí London wà sí Kumasi lọ́dún 1955 ni KNUST wá wà sí àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ìfọwọ́sí tí wọ́n rà lọ́wọ́ Liberia

Bí ìjọba bá fọwọ́ sí i, ṣé ó ti parí nìyẹn? Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà mọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ní ìlú Spokane ní ìpínlẹ̀ Washington lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tọkọtaya kan tí orúkọ wọn ń jẹ́ Dixie Randock àti Steven Randock ń ta ìwé ẹ̀rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan lára àwọn orúkọ tí wọ́n ń lò ni Saint Regis University. Kò ní kíláàsì, kò ní ibi ìkówèésí. Ẹni tó bá fẹ́ oyè yóò kọ ohun tó ti fi ayé rẹ̀ ṣe ránṣẹ́, yóò sanwó, wọn yóò sì sọ ìrírí rẹ̀ di dìgírì. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè di Dókítà.

Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé kò sí àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ tó lè fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ni wọ́n bá yíjú sí Liberia, tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tán níbẹ̀, tí iṣẹ́ ìjọba sì ti dojú rú. Wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan lówó àbẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n sì gba ìwé tó sọ pé Liberia fọwọ́ sí Saint Regis. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, wọn á ní orílẹ̀-èdè tó dá dúró ló mọ àwọn.

Àwọn ọtẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa wọn. Wọ́n ya wọ ibùdó wọn lọ́dún 2005, tọkọtaya náà sì gbà pé àwọn jẹ̀bi lọ́dún 2008. Ilé ẹjọ́ rán ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ìwé ìròyìn ìlú Spokane gbé orúkọ àwọn tó ra ìwé ẹ̀rí náà jáde, wọ́n lé ní 9,000. Òṣìṣẹ́ ìjọba, ológun àti olùkọ́ wà nínú wọn.

Owó tí àwọn ará Spokane rí nínú rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ohun tí Liberia pàdánù kò ṣeé kà. Orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sapá láti padà sí kíláàsì lẹ́yìn ogun ni orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ lójú àwọn tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò káàkiri ayé.

Irú òwò yìí kò tán pẹ̀lú wọn. Lọ́dún 2015, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí ilé iṣẹ́ Axact ní Karachi, Pakistan, tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojúewé yunifásítì tí kò sí níbì kankan. Lọ́dún 2018, BBC ròyìn pé àwọn ará Britain nìkan ra ju 3,000 ìwé ẹ̀rí ayédèrú lọ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà láàrin 2013 àti 2014.

Ojúlówó náà lè dunni

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí èyí rò pé gbogbo DBA orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ayédèrú. Ẹ̀kọ́ gidi ni DBA. Yunifásítì Chicago ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ PhD nínú ìmọ̀ okòwò lọ́dún 1920, Harvard sì fi DBA fún àwọn ọmọ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyàtọ̀ tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń ṣe báyìí ni pé PhD wà fún ẹni tó fẹ́ fi ìwádìí ṣiṣẹ́ ṣe, DBA sì wà fún ọ̀gá tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, tó fẹ́ fi ìwádìí tú ìṣòro ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi bá íntánẹ́ẹ̀tì mu. Ọ̀gá kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn àjọ àgbáyé kan wà tó ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ okòwò lọ́tọ̀. AACSB bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1916, AMBA bẹ̀rẹ̀ ní London lọ́dún 1967, EQUIS sì bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù lọ́dún 1997. Lagos Business School wà lára àwọn díẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó ní irú rẹ̀. Ìjọba kọ́ ni wọ́n. Òǹtẹ̀ wọn kò rọ́pò ti GTEC tàbí ti NUC ní Nàìjíríà. Ilé ẹ̀kọ́ tún lè san owó kó di ọmọ ẹgbẹ́ AACSB láìjẹ́ pé AACSB ti yẹ̀ ẹ́ wò kó sì fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń kọ ìpolówó mọ ìyàtọ̀ yìí. Wọ́n máa ń gbàdúrà pé kí òǹkàwé má mọ̀ ọ́n.

Àní ilé ẹ̀kọ́ tó ní ìfọwọ́sí tó pé lè já ènìyàn kulẹ̀. Yunifásítì Walden ní Amẹ́ríkà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ti pẹ́ jù nínú oyè Dókítà láti ọ̀nà jíjìn. Ọdún 1970 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì ní ìfọwọ́sí gidi. Ní oṣù Kínní 2022, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kan pè é lẹ́jọ́ lórí DBA rẹ̀. Ẹ̀sùn wọn ni pé ó fojú sun àwọn aláwọ̀ dúdú àtàwọn obìnrin, ó sọ iye kan fún wọn lórí owó àti àkókò, ó wá ń fa iṣẹ́ ìwádìí wọn gùn, tí owó sì ń gorí owó. Walden ní òun kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n lọ́dún 2024 ó gbà láti san dọ́là mílíọ̀nù 28.5 kí ẹjọ́ náà lè parí.

Kò sí ẹni tó sọ nínú ẹjọ́ yẹn pé oyè náà jẹ́ ayédèrú. Gbèsè ni wọ́n ń sunkún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Cotonou

Fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà ní ìparí ọdún 2023. Akọ̀ròyìn Daily Nigerian, Umar Audu, gba ìwé ẹ̀rí dìgírì láti yunifásítì kan ní Cotonou, orílẹ̀-èdè Benin, láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Kò jókòó sí kíláàsì. Ó tún fi ìwé náà dé ibùdó àwọn agùnbánirọ̀, wọ́n sì gbà á.

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kínní, ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà dá yíyẹ ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo wò dúró. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Tahir Mamman, ní àwọn ọmọ Nàìjíríà tó gba ayédèrú ìwé ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè méjèèjì lé ní 22,000. Yunifásítì mẹ́jọ péré ló ní ìjọba òun mọ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó ṣe ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní yunifásítì gidi ní Benin, tó ṣe ìdánwò, tó kọ iṣẹ́ ìwádìí, bá ara rẹ̀ nínú ìjì tí kò dá sílẹ̀. Lójú ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ní Èkó, Benin ti di Benin.

Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti rí i bí ìfọwọ́sí kan kì í ṣe tó. Shehu Shagari dá yunifásítì ọ̀nà jíjìn, NOUN, sílẹ̀ lọ́dún 1983, Muhammadu Buhari tì í pa ní oṣù Kẹrin 1984, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì jí i dìde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Ọbásanjọ́ padà lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì gba oyè Dókítà nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Krìstẹ́nì lọ́dún 2018. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà yẹn, Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà kò gba àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin jáde ní NOUN wọlé. Ó di oṣù Kejìlá 2018 kí Buhari, ẹni tó ti yunifásítì náà pa nígbà tó jẹ́ ológun, tó buwọ́ lu àtúnṣe òfin tó ṣí ọ̀nà fún wọn.

Ọdún mélòó kan nínú ayé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ti lọ. Ìjọba ló ní yunifásítì wọn, síbẹ̀ àwọn tó ni iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe kò gbà wọ́n.

Kí ni ẹni tó wà ní Kumasi yóò ṣe?

Lọ́dún 2025, GTEC gbé ọ̀rọ̀ náà débi tí àwọn ènìyàn kò retí. Ó kọ̀wé sí àwọn olóṣèlú àtàwọn tó wà nípò pé kí wọ́n fi ẹ̀rí oyè Dókítà tàbí ti Ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ń fi ṣáájú orúkọ wọn hàn, tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Ó ní ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá kò gbọ́dọ̀ máa pe ara rẹ̀ ní Dókítà. Àwọn kan bínú, àwọn kan yọ oyè náà kúrò lórí Facebook wọn.

Ní ti ọ̀gá báńkì wa ní Adum, àwọn ìbéèrè tó wà níwájú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ṣé orílẹ̀-èdè tí yunifásítì náà wà fún un láṣẹ láti fúnni ní oyè Dókítà? Ṣé DBA yìí gan-an, kì í ṣe MBA rẹ̀, wà lára ohun tó láṣẹ láti kọ́ni? Àjọ tó sọ pé òun fọwọ́ sí i, ta ló mọ òun náà? Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Liberia nìkan. Ní oṣù Kẹjọ 2022, ìjọba Amẹ́ríkà gba àṣẹ lọ́wọ́ ACICS, àjọ kan tó ti ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìbéèrè mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, ìyẹn ibi tó ti fẹ́ lo ìwé náà. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà jọ ṣe àdéhùn kan ní Addis Ababa lọ́dún 2014 lórí bí wọn yóò ṣe máa tẹ́wọ́ gba ìwé ẹ̀rí ara wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 2019. Síbẹ̀, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣì ń yẹ ìwé wò fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ Kumasi ló ti fẹ́ ṣiṣẹ́ olùkọ́, GTEC ni yóò wò ó. Tó bá jẹ́ Ìbàdàn ló fẹ́ lọ, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Abuja yóò tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun yòówù kí Accra ti sọ.

GTEC ń yẹ ìwé ẹ̀rí láti òkè òkun wò fún ẹni tó bá béèrè. Ọ̀pọ̀ máa ń dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti gba oyè tán, tí wọ́n ti wọ aṣọ oyè, tí wọ́n ti ya fọ́tò. Kò sí ohun tó ní kí ènìyàn má kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn kó tó san owó àkọ́kọ́.